Ibi tí Pèrègún Wà Tẹ́lẹ̀

Ní ìdílé Ìyàndá, lẹ́yìn Ìbàfò, ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń fa ilẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Ìwé a máa wà, lọ́yà a sì máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn àfi bí àgbà ìdílé bá bá ẹni tí ó rà á rìn yí i ká, tí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kan gbogbo pèrègún tí ó wà ní ààlà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ọ̀kan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti fọwọ́ kan èyí tí ó kẹ́yìn, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó tún gbọdọ̀ bá olùrà náà fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn mọ́.

Àgbà tí iṣẹ́ yìí já lé lọ́wọ́ ní àkókò tí à ń wí yìí ni Yésúfù Ìyàndá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Nùsí nítorí Nùsírátù, àkọ́bí rẹ̀, tí ó wà nílé ọkọ ní Ifọ̀. Ó jáde ilé-ìwé girama, lẹ́yìn náà ó bá àwọn tí ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Òun kọ́ ni ó ń wo inú ẹ̀rọ. Òun ni ó ń di ọ̀pá gígùn onínọ́ńbà mú lóòró, kí ẹni tí ó ń wo inú ẹ̀rọ lè mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ẹni tí ó bá ti di ọ̀pá yẹn mú fún ọgbọ̀n ọdún kò lè fi ojú lásán wo ilẹ̀ mọ́. Bí Bàbá Nùsí bá dé ilé ènìyàn, kí ó tó jókòó, yóò ti wo ibi tí òjò yóò gbà jáde.

Ilẹ̀ ìdílé náà ga ní apá kan, ó sì rẹlẹ̀ ní apá kejì, baba-ńlá wọn sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ibi kọ̀ọ̀kan ṣe. Orí òkè ni ilé wà, àti mọ́sálásí, àti àwọn ibojì. Lára òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, poro oko a sì dábùú òkè náà kí òjò má baà gbá erùpẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àkùrọ̀, ilẹ̀ dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, níbi tí ẹ̀fọ́ àti kókò kì í ti í kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀. Láàárín ẹ̀gẹ́ àti àkùrọ̀, ní ìdí òkè, ni wọ́n gbin pèrègún sí, ó lọ gbọọrọ bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Èyí kì í ṣe ààlà ẹbí kan àti èkejì. Ààlà omi ni. Ibẹ̀ ni odò Oníyanrìn dé ní ọdún tí ó kún jù lọ, tí baba-ńlá wọn sì ń ri igi mọ́lẹ̀ bí omi ti ń fà. Bàbá Nùsí fúnra rẹ̀ ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí omi padà wá dé ẹsẹ̀ àwọn pèrègún wọ̀nyẹn: ìgbà tí ó wà nílé-ìwé, àti ọdún tí wọ́n sọ Nùsírátù lórúkọ. Láti ìgbà náà, kò dé ibẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyẹn. Omi tí kò bá dé fún ogójì ọdún, àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ó ti kú ni.

Ròkíátù, ìyàwó rẹ̀, ni ó ń dá oko ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ náà. Ó ti kú láti ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà, Bàbá Nùsí kò lọ sí ìsàlẹ̀ mọ́, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sì jẹ́ kí ènìyàn rí àkùrọ̀ láti orí òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Uthman dé. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, òun ni ó ń bá ìdílé wá àwọn tí yóò ra ilẹ̀. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání, tí ó wọ bàtà funfun.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà," ni Uthman wí, ó fi ìka kan ilẹ̀. "Dámiláre rèé. Ọmọ wa ni."

"Ọmọ ta ni nínú wa?"

"Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, ọmọ wa ni, Bàbá."

"Kó tó rà á ńkọ́?"

"Kó tó rà á, àlejò ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Olúwadámiláre, rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, bàtà funfun àti gbogbo rẹ̀. Yàrá kan ni ó ń gbé ní Arepo, ọ̀rọ̀ onílé rẹ̀ sì ti sú u. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn tètè parí ti pèrègún, nítorí òun ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì láago mẹ́wàá.

"Apá ibo ni?" ni Bàbá Nùsí bi Uthman.

"Ibi tẹ́ ẹ dé lọ́jọ́sí náà ni. Ẹ kàn máa tẹ̀lé mi."

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Uthman na ọwọ́ láti di ìgúnpá rẹ̀ mú.

"Fi mí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kan ìgúnpá rẹ̀ yẹn mú un rántí. Báyìí náà ni Uthman ṣe dì í mú ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó tíì lọ sí ìsàlẹ̀, nígbà tí ogójì ọjọ́ Ròkíátù kò tíì pé. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rántí ojú wọn. Ohun tí ó rántí ni pé igi ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ òun, omi sì ń bọ́ lójú òun, òun ń wo ẹsẹ̀ ara òun. Ó tilẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Uthman nígbà tí wọ́n padà délé. Ó ní ó ṣe ọmọ.

Wọ́n kọjá láàárín ẹ̀gẹ́. Ẹni tí wọ́n yá ilẹ̀ náà fún ti yí poro padà, ó kọjú gbogbo wọn sí ìsàlẹ̀ nítorí ó rọrùn láti kọ bẹ́ẹ̀, òjò ọdún tó kọjá sì ti ya ilẹ̀ débi pé gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ yọ síta bí egungun ìhà. Bàbá Nùsí wò ó, ó yí ojú kúrò. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, ó dúró, nítorí ibẹ̀ ni ó mọ̀ sí ààlà. Uthman kò dúró.

"Iwájú díẹ̀ sí i, Bàbá."

Ó tẹ̀lé e. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n rìn bí ìwọ̀n àádọ́ta ẹsẹ̀ sí i, ilẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ bàtà, kí wọ́n tó dé ibi tí pèrègún tò sí, tútù yọ̀yọ̀, ó ga ju orí ènìyàn lọ.

"Òun nìyí," ni Uthman wí fún Dámiláre. "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Omi ò kọjá ibí rí. Ẹ wò ó bí Bàbá á ṣe fọwọ́ kàn án."

Bàbá Nùsí fọwọ́ kan àkọ́kọ́, ó fọwọ́ kan èkejì, ó fọwọ́ kan ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ bá nǹkan tí kì í ṣe èèpo igi.

Aṣọ ni. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fà ya, tí igi ti dàgbà bò mọ́lẹ̀, tí ó jẹ́ pé etí rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó yọ síta. Ó fi èékánná họ ọ́. Àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹyẹ pupa kékeré kan. Ìró ìkómọ Nùsírátù ni. Ròkíátù ró o títí ó fi gbó, ó wá ń fà á ya láti fi so nǹkan lóko.

Ó sún sẹ́yìn, ó wo àwọn igi náà. Méjì méjì ni wọ́n gbìn wọ́n, ọ̀kan dábùú ọ̀kan bí àlùmọ́gàjí. Kò sí ẹni tí ń gbin pèrègún ààlà bẹ́ẹ̀. Ọgbà tí ewúrẹ́ kò ní lè gbà kọjá ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Ròkíátù gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, òun sì ti bá a wí lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ta ní ń fi pèrègún ṣe ọgbà ẹ̀fọ́?" ni ó bi í. "Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á pè é ní ààlà."

"Ta lojú ẹ̀ fọ́ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá Nùsí?" ni Ròkíátù dáhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ ti dé orókún rẹ̀.

Bàbá Nùsí gbé orí sókè. Ní ọwọ́ òsì, nínú àkùrọ̀ náà, níbi tí kókò máa ń wà, ilé kan dúró. Wọ́n ti fi páànù búlúù kàn án.

Ó yí padà, ó gun òkè padà lọ sí ibi tí ó ti dúró lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tú koríko. Kò pẹ́ tí ó fi rí wọn. Kùkùté mọ́kàndínlógún, wọ́n gé wọn mọ́lẹ̀ pátápátá, wọ́n sì dúdú bíi pé iná jó wọn. Kì í ṣe iná. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán ni wọ́n dà sí wọn, kí wọ́n má baà rú mọ́.

Òórùn náà gun orí imú rẹ̀. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó tu ú, òmíràn tún kún un. Ó ti rí òkú ajá lójú ọ̀nà márosẹ̀ rí, tí mọ́tò ń gùn mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò kó o nírìíra tó èyí. Igi tí ó ti dúró kí wọ́n tó bí baba rẹ̀. Ẹnìkan jókòó, ó ronú nípa rẹ̀, ó lọ ra ọ́ìlì.

Uthman ti gun òkè bá a. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò má baà gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí."

"Ta ló gé wọn?"

"Wọ́n ti gbó."

"Ta ló da ọ́ìlì sí wọn?"

Uthman wo ẹ̀yìn. "Bàbá, orí òkè ti tán. A ti tà á tán. Ṣé ká wá máa wo àkùrọ̀ níran ni? Àwọn ará Èkó kì í wo bí ilẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó. Bí mọ́tò bá ti lè dé ẹnu géètì, wọ́n ti rí ilẹ̀."

"Omi ńkọ́?"

"Omi wo? Mo ti lé lógójì ọdún, mi ò rí i rí. Bó bá tiẹ̀ dé, wọ́n á rọ yẹ̀pẹ̀ dí i."

"Bí wọ́n bá rọ yẹ̀pẹ̀ dí i, ilé ta ni omi náà máa lọ?"

"Ilé ẹni tí ò bá rọ yẹ̀pẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé ọ̀la ni Sọ́ńdè. Bàbá Nùsí wo ojú rẹ̀, ó ń wá ibi tí ìtìjú yẹ kí ó wà.

"O parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Èmi? Mi ò gbin igi kankan, Bàbá. Ìyá Nùsí ló gbìn ín, Ọlọ́run á kẹ́ wọn. Mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kàn án fún àwọn tó ni ilé búlúù yẹn. Gbogbo ẹ̀, ẹ ò fo ọ̀kan."

Bàbá Nùsí wo páànù búlúù náà.

"Ẹ tiẹ̀ gbọ́," ni Uthman ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ wá dùn sí i. "Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ lọ́wọ́ sí i. Ọgbà yẹn sì ni wọ́n á kọ́kọ́ gé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dákẹ́, á wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ta ló máa gé ààlà? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ohun tí ìyàwó yín fọwọ́ ara wọn gbìn wà ni?"

Ohun tí ó kó Bàbá Nùsí nírìíra jù lọ ní ọjọ́ náà, ju ọ́ìlì lọ, ju Uthman lọ, ni pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró lórí kùkùté baba-ńlá rẹ̀, ó ń wo ewé pèrègún Ròkíátù tí afẹ́fẹ́ ń mì nísàlẹ̀, ó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó tutọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Dámiláre.

"Ọmọ mi, mi ò lè fọwọ́ kan èyí tó kù. Odò máa ń dé ibi tí o dúró sí yìí, ó sì máa ń ga ju ọrùn ẹ lọ. Má kọ́ nǹkan kan síbí."

Dámiláre wò ó, ó wo Uthman. "Brọ̀dá Uthman, ẹ ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

"Bàbá ń ṣàwàdà ni," ni Uthman wí.

"Ọjọ́ wo lo gbọ́ àwàdà lẹ́nu mi kẹ́yìn?" ni Bàbá Nùsí bi í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀ sí koríko. Nígbà tí ó nù ún tán, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá Nùsí, ó sì kọrí sí òkè láìwo ẹ̀yìn. Uthman sáré tẹ̀lé e, ó ń pè é.

Ó wá ku ilé búlúù.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n Bàbá Nùsí rìn ín fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, bírìkìlà kan tí ó mọ̀ dáadáa, Ògúnkànmí, ń fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, obìnrin kan sì dúró tì í, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí kò dán. Bí obìnrin náà ti rí Bàbá Nùsí, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn.

"Dádì, ẹ káàbọ̀ sà. Àwọn gan-an rèé," ni ó wí fún Ògúnkànmí. "Bàbá tó fọwọ́ kan igi fún wa." Ó kígbe pe ọkọ rẹ̀ láti inú ilé. "Dádì Dára, ẹ wá o, Bàbá onílẹ̀ ti dé."

Rosemary ni orúkọ rẹ̀, aṣọ ọmọdé ni ó ń tà ní Mọ́wé. Ọkọ rẹ̀, Olúsànyà, jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀. Arepo ni wọ́n ń gbé, Èkó ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ọdún Àjíǹde tí ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó wọlé. Ọmọbìnrin wọn, Olúwadárasími, ọmọ ọdún márùn-ún, tẹ̀lé wọn jáde, ó di búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kan mú. Rosemary fi yàrá ẹ̀yìn han Bàbá Nùsí láti ojú fèrèsé. Ó ní ti Dára nìyẹn, Dára fúnra rẹ̀ ló mú un, nítorí atẹ́gùn odò máa ń wọ ibẹ̀.

"Dádì, ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí n gbà láti ra ilẹ̀ yìí?" ni ó wí. "Ẹ̀rù ń bà mí tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ kan igi yẹn, omi ń jáde lójú yín. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹni tó ń sunkún torí ó ń fi ilẹ̀ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ fún wa yìí, kò lè parọ́ fún wa."

Wọ́n gbé àga wá fún un. Kò jókòó.

"Ògúnkànmí," ni ó wí, "ṣé rọ́bà yín wà níbí?"

"Èyí tá a fi ń wo ìpele? Ó wà, Bàbá."

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ó mọ́ gaara, tí àwọn bírìkìlà máa ń rọ omi sí. Bí a bá gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè, bí ó ti wù kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó, omi tí ó wà nínú ọ̀kan kò ní ga ju ti èkejì lọ. Bàbá Nùsí gba ẹnu kan, ó sì ń fà á lọ sí ìdí òkè, sí ibi kùkùté àkọ́kọ́. Rọ́bà náà kò gùn tó. Wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, kí omi inú rọ́bà lè bá ojú ilẹ̀ dọ́gba níbẹ̀ gẹ́lẹ́, Ògúnkànmí sì fi ìṣó sàmì sí ara ọ̀pá. Láti ibi àmì ọ̀pá náà ni wọ́n tún ti wọ̀n ọ́n lọ sí ara ilé.

Ní ara ilé, Ògúnkànmí kọ́kọ́ gbé ẹnu rọ́bà sí ìsàlẹ̀ ògiri, omi ń tú jáde. Ó gbé e sókè díẹ̀, omi ṣì ń tú jáde. Ó gbé e kọjá ìpìlẹ̀. Ó gbé e kọjá ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ìgbà tí ó gbé e dé ibi tí ó bá àyà Rosemary dọ́gba ni omi tó dúró. Ó fi ìṣó fa ìlà gbọọrọ sára símẹ́ńtì tútù náà.

Olúwadárasími wá dúró sí abẹ́ ìlà náà láti wò ó. Ìlà náà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju orí rẹ̀ lọ.

"Kí ni ìlà yìí, Bàbá?" ni Olúsànyà bèèrè.

"Ibi tí omi odò dé ni, lọ́dún tí mo sọ àkọ́bí mi lórúkọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró, bí ẹni tí ń jẹ́jọ́: ibi tí pèrègún gidi wà, ẹni tí ó gé e, ohun tí wọ́n dà sí i. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Èyí tí mo fọwọ́ kàn fún yín, ìyàwó mi ló gbìn ín. Ọgbà ẹ̀fọ́ ni. Mi ò wò ó."

"Ẹ ò wò ó," ni Rosemary wí.

"Mi ò wò ó. Kì í ṣe ilẹ̀ ni mo ń sunkún lé lórí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn."

Obìnrin náà fa ọmọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìlà. Uthman ti dé lẹ́yìn wọn, ó ń làágùn, ó ti gbọ́ èyí tí ó kẹ́yìn.

"Màdáámù, ẹ má dá wọn lóhùn," ni ó wí. "Ọ̀fọ̀ ló ń da Bàbá láàmú. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, nǹkan ò jọ nǹkan lójú wọn mọ́."

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Nùsí dáhùn. "Ìgbà tí nǹkan ò jọ nǹkan lójú mi lo mú mi wá síbí."

Ògúnkànmí ń ká rọ́bà rẹ̀. "Uthman," ni ó wí láìgbé orí sókè, "omi inú rọ́bà ò ṣọ̀fọ̀."

Uthman rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sí ẹni tí ó bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú fóònù rẹ̀ jáde bíi pé ẹnìkan ń pè é, ó sì rìn lọ. Bàbá Nùsí wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ àbúrò òun. Orí àtẹ̀gùn ilé òun ni ó ti kọ́ rírìn.

"Mo ní ilẹ̀ kan lórí òkè," ni ó wí fún tọkọtaya náà, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ti Nùsírátù ọmọ mi ni, mo máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gbà á. Ẹ tú páànù yìí, ẹ gbé e gòkè, àti iye búlọ́ọ̀kù tó bá ṣe é yọ. Ẹ ṣáà má kó wọ ibí."

Olúsànyà jókòó sórí àga tí wọ́n gbé wá fún àlejò. Rosemary ṣì dúró. Kò gbé ohùn sókè.

"Ta ló máa wá fọwọ́ kan ìyẹn fún wa, Dádì?"

Bàbá Nùsí wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ́ìlì ti wọ inú gbogbo ìlà rẹ̀.

Ó yá àdá lọ́wọ́ Ògúnkànmí, ó padà sídìí ọgbà Ròkíátù. Kò fi àkókò ṣòfò. Ó gé àkọ́kọ́, ó gé èkejì, ó gé ẹ̀kẹta. Bí ó ti ń gé wọn ni ó ń tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ewé wọn má baà já. Nígbà tí ó dé ti ẹ̀kẹrin, ó gé e ní ìsàlẹ̀ ibi tí aṣọ wà, ó sì yà á sọ́tọ̀. Ó gé gbogbo rẹ̀ tán. Níbi tí ọgbà ti wà tẹ́lẹ̀, àkùrọ̀ lọ pẹrẹsẹ dé etí odò, ojú sì ń rí i láti ibí dé ọ̀hún bí ilẹ̀ náà ti rẹlẹ̀ tó. Pèrègún kì í ṣe wàhálà. A gé e, a rì í mọ́lẹ̀, ó hù. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ń ṣe ààlà. Nítorí ìyẹn kan náà ni Uthman ṣe rí i lò.

Ó ń gbé wọn gòkè, mẹ́ta mẹ́ta. Ní ìgbà kejì tí ó gòkè, ó bá Olúsànyà níbẹ̀ tí ó ti fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté mẹ́rin. Wọ́n jọ ń ṣe é, ọ̀kan ń gbẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń gbìn, òórùn ọ́ìlì sì ń bá wọn lọ láti kùkùté kan dé èkejì. Bàbá Nùsí fi erùpẹ̀ nu ọwọ́, ó fi koríko nù ún, kò kúrò. Ó mọ̀ pé Uthman lè padà wá lọ́la kí ó gé àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Àdá pọ̀ ní Ìbàfò, ọ́ìlì sì pọ̀.

Ó ku ọ̀kan, èyí tí ó ní aṣọ. Ó dì í mú, ó ń wo ibi tí yóò rì í sí, nítorí ní ìparí ìlà náà, òjò ti gbá kùkùté kan lọ, kò sì dá a lójú mọ́ ibi tí ó wà gan-an. Ó mọ ibi tí ó fẹ́ kí ó jẹ́. Ó ti fẹ́ tẹ̀ ba nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Rosemary ni. Ó gbé rọ́bà Ògúnkànmí kọ́ èjìká, omi ti wà nínú rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀. Ó ti sunkún, ó ti nu ojú.

"Ẹ dúró náà, Dádì," ni ó wí. "Ẹ má tíì gbìn ín."

Ó kọjá lára rẹ̀. Ó na ẹnu rọ́bà kejì sí ọkọ rẹ̀, ó ní kí ó lọ dúró sídìí kùkùté tí ó kángun sí wọn, kí ó mú un mọ́lẹ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ojú ilẹ̀ yóò ti bá omi inú rọ́bà dọ́gba, ó ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn, orókún rẹ̀ wà nínú erùpẹ̀.

Bàbá Nùsí fi igi náà lélẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì dúró, títí omi inú rọ́bà fi dúró jẹ́ẹ́.